Ìlẹ̀kùn Balùwẹ̀ Tí Ẹnu Mi Ò Gbà Láti Bèèrè

Ojú tì mí lónìí débi pé mo fẹ́ gba ojú fèrèsé sá jáde!

Ẹnjiníà tó fẹ́ tún ilé àtijọ́ àwọn àna mi ṣe ní Ifọ ní kí gbogbo ará ilé sọ ohun tí wọ́n fẹ́.

Ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ lèmi fẹ́. Aṣọ lásán la ta síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó oṣù mẹ́ta ni mí, èmi ló kàn gbẹ̀yìn. Kódà Eyínfúnjowó, ọmọbìnrin ọdún méje, ọkọ mi ni, wọ́n ti bí i kí n tó wọlé. Mi ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ gan-an, ni mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ni ọmọ náà bá dìde: "Ẹ bá ìyàwó mi fi ìlẹ̀kùn sí balùwẹ̀. Tó bá ń wẹ̀, ńṣe ló ń pariwo orin kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé. Orin kan náà lójoojúmọ́!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ní: "Ẹ fi ihò sílẹ̀ lókè ìlẹ̀kùn náà o. Orin yẹn ló ń jí mi láàárọ̀."

Mo ti ra bisikíìtì fún ọkọ mi kékeré. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, orin wo ni tiyín?