Ọjọ́ Tí Mo Já Géèmù Gbà Lọ́wọ́ Ìyáálé Mi

Ìwé tí mo kà kò ju èyí tí mo fi ń ka orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin, ọdún kan wà tí mo di ọ̀mọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ géèmù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ba ọmọ ayé ìsinsìnyí jẹ́, kó ṣáà wá bá mi nídìí agbada gàrí mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Màá sọ fún un, n kò sì ní jẹ́ kó tètè lọ.

Ọmọ mi ọkùnrin ló gbé géèmù náà wọlé. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde, ó ti lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ó sì ti pé mọ́kànlá ní àkókò tí mò ń sọ yìí. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kan tó ti ìlú òyìnbó dé ló ta ẹ̀rọ náà fún bàbá rẹ̀. Ó dà bí rédíò tí kò lójú. Wọ́n á fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin kan á yọ nínú igbó pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, àwọn ènìyàn á máa sáré bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà á sì máa yìnbọn fún wọn. Ohun tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ọmọ odó kékeré. Tí wọ́n bá pa ọkùnrin náà, á tún dìde, torí pé ẹ̀mí mẹ́ta ni wọ́n fún un. Mo ní ẹni tó ṣe é kò bẹ̀rù Ọlọ́run. Èmi tí n kì í pa ìsìn jẹ, ẹyọ kan ni wọ́n fún mi.

Géèmù náà kò tíì pé oṣù méjì nílé tí ọ̀gá ilé-ìwé fi ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ-ọmọ mi ti fi rúlà onígi na ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan lẹ́nu, ètè ọmọ náà sì bẹ́.

"Màmá, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé?" ni ọ̀gá náà bi mí.

N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Géèmù ni. Bàbá rẹ̀ ló rà á."

"Irú géèmù wo, mà?"

"Ti ìpànìyàn."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi wọ̀ ọ́ létí, n kò sì ní purọ́, inú mi dùn. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni olùkọ́ ń tẹ́tí sí ẹni tó ń dín gàrí. Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. N kò bi í ní nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ bi í? Mo ti mọ ìdáhùn.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, mo dìde nínú ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, mo jẹ́rìí. Mo ní èṣù ti rí wáyà gbà wọlé wa. Wọ́n ṣe àmín. Àwọn ìyá méjì kan lọ sílé, wọ́n sì fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kò ní géèmù o, tẹlifíṣọ̀n lásán ni wọ́n ní. Èmi náà gbé ẹ̀rọ wa sínú àpótí aṣọ mi, mo tì í pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí etí ìró mi.

Lẹ́yìn náà ni mo ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ ti di jàgídíjàgan. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe ńlá. Ó wá, ó fara balẹ̀ gbọ́ mi títí, ó wá sọ pé, "Ọ̀rọ̀ yìí ti ju agbára yín lọ, Màmá. Màá mú un lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Kàdúná."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wí yìí, ọmọ mi obìnrin ni. Ṣọ́jà ni ọkọ rẹ̀, inú bàrékè ni wọ́n ń gbé. Ó fẹ́ mú ọmọ kúrò nídìí ìbọn inú tẹlifíṣọ̀n lọ síbi tí ìbọn gidi wà. Mo rí i pé kò bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Èmi ni mo ti fi ẹnu ara mi sọ pé ọmọ náà ti bàjẹ́. N kò fẹ́ kó lọ rárá. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ń sùn, òun ló ń ka lẹ́tà fún mi, òun ló mọ ìgbà tí orúnkún ń dùn mí kí n tó sọ.

"Jẹ́ ká wò ó díẹ̀ ná," mo wí.

Ó ní ó dáa, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì tí Agẹmọ bá wọ̀lú. Tí òun bá gbọ́ pé ó tún na ẹnikẹ́ni, kó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ de òun.

Ẹni tó bá mọ Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ pé lọ́jọ́ tí àwọn Agẹmọ bá ń wọ̀lú, obìnrin kì í jáde. Onígbàgbọ́ ni mí, ṣùgbọ́n n kò ní torí ìgbàgbọ́ fi ojú mi méjèèjì dán nǹkan wò. A ti fèrèsé tó kọjú sí títì, a di ilẹ̀kùn. Àwa mẹ́ta ló kù nínú ilé: èmi, ọmọ náà, àti ìyáálé mi. Ọkọ wa ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n inú ilé kan náà la ṣì ń gbé. Ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, mo sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Síbẹ̀, "ìyàwó" ló ń pè mí, bí ẹni pé àná ni wọ́n sin mí wá.

Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá, a ti jẹun, a ti ṣa ẹ̀wà, a ti sọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tó yẹ ká sọ̀rọ̀ wọn. Ọmọ náà ní, "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún gbogbo ìjọ, ẹ ò tíì fọwọ́ kan géèmù yẹn rí."

Ìyáálé mi ní, "Òótọ́ ló sọ o, ìyàwó. Adájọ́ kì í gbọ́ ẹnu ẹnì kan dájọ́."

Mo ní kò burú, màá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, kí n lè mọ ohun tí màá máa sọ. Mo ṣí àpótí.

Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n pa mí kí n tó mọ èwo nínú wọn ni èmi. Ìgbà kejì, mo kó sódò. Ọmọ náà di ọwọ́ mi mú, ó ń kọ́ mi: "Ẹ sún sọ́hùn-ún. Ẹ fò ó. Ẹ yìnbọn, Màmá, wọ́n ń bọ̀." Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo ti gba orí afárá kọjá. Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń wí pé, "Pa á, pa á, pa ìyẹn náà, kò sí ibi tó fẹ́ sá sí." Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ẹnu mi ni. Ẹnu tí mo fi jẹ́rìí nínú ìjọ náà ni.

"Ìyàwó, ta ló ṣẹ̀ ọ́?" ni ìyáálé mi bi mí.

Ó gba ohun tí a fi ń darí rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní kí òun náà tọ́ ọ wò. Mo ń retí pé kíákíá ni yóò kú, kí n lè gbà á padà. Kò kú. Ìyá ẹni ọdún àádọ́rin tí kì í rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ó gba afárá kọjá, ó gba inú ihò kọjá, ó dé ibi tí èmi kò dé rí. Kò pariwo. Ó kàn ń pa wọ́n bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ó tó, ìyáálé mi. Ó kàn mí."

"Mi ò tíì kú."

"Ẹ ti pẹ́ níbẹ̀."

"Ẹni tó bá gbọ́n ló máa ń pẹ́, ìyàwó."

Mo na ọwọ́ sí i. Ó yí èjìká sí mi. Mo fà á, òun náà fà á, ọkùnrin inú igbó bá kó sódò, ó sì lo ẹ̀mí tó kù kẹ́yìn. Ìyáálé mi wá rọra rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó dé ibi tí mo dé."

Mo ti gbìyànjú láti sọ ọ́ pé ó yọ̀ lọ́wọ́ mi ni. Kò yọ̀. Mo já a gbà, mo sì fi nà án lókè ojú.

Ó wú lójú ẹsẹ̀, ó tó ẹyin àparò. Ọmọ náà dìde dúró. Kò sọ pé géèmù ni. Ó ní, "Màmá, ẹ na Ìyá Àgbà."

Lọ́jọ́ mìíràn, tí èmi àti ìyáálé mi bá jà, màá gba ìdí agbada lọ, òun á gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ, nígbà tí oòrùn bá fi máa wọ̀, ìbínú á ti rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò síbi tí a fẹ́ gbà. À ń gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin lójú títì, ilẹ̀kùn wà ní dídì, èmi àti ẹni tí mo lù jókòó sínú yàrá kan. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi omi tútù àti òrí pa á lójú. Ó jẹ́ kí n pa á tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, ọdún tí o fi igbá gbá obìnrin kan létí nítorí pé ó gba ààrò mọ́ ọ lọ́wọ́, géèmù wo lo gbá?"

"Ìyáálé mi, ọ̀rọ̀ ààrò nìyẹn."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ààrò náà ń yìnbọn nìyẹn."

Ó wá yíjú sí ọmọ náà. "Ìwọ ńkọ́? Kí ni ọmọ yẹn ṣe fún ọ nílé-ìwé tó o fi là á lẹ́nu?"

Ìbéèrè tí èmi kò bèèrè láti ọjọ́ yìí wá, ìyáálé mi ló bèèrè rẹ̀, pẹ̀lú ojú wíwú.

Ọmọ náà ń fi ìka fa etí aṣọ rẹ̀. "Ó ní ìyá mi kọ̀ mí. Ó ní bàbá mi náà kọ̀ mí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé mi jù sọ́dọ̀ arúgbó onígàrí."

"Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́?"

"Ojoojúmọ́ ni, mà."

"O ò sì sọ fún Màmá rẹ?"

"Màmá ní géèmù ni." Ó tún fa etí aṣọ náà. "Tí wọ́n bá wá mú mi lọ sí Kàdúná, á jẹ́ pé òótọ́ ló sọ."

Mo wo kọ́kọ́rọ́ tó wà létí ìró mi. Mo ti ti ohun tí kò ṣẹ̀ mọ́lé, mo sì ń wá ọ̀nà láti lé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ jáde, láìmọ̀. Mo fa ọmọ náà mọ́ra. Ó jẹ́ kí n fà á, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ̀ dé. Bó ṣe dọ̀bálẹ̀ tó gbójú sókè, ojú ìyáálé mi ló kọ́kọ́ rí. "Ìyá Àgbà, ta ló ṣe yín báyìí?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ó ti wá kan orí àgbàlagbà báyìí? Lọ gbé ẹrù rẹ."

Ọmọ náà kò wí pé òun kọ́. Ìyáálé mi kò dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ó kàn ń wò mí. Ẹ má bínú, mo ronú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ìyá ìjọ ni mí.

"Èmi ni," mo wí.

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi. A jọ ń gbá géèmù, kò fẹ́ gbé e fún mi."

Ó wò mí títí. "Ṣé ẹ̀yin ni kí n wá mú lọ sí Kàdúná, Màmá?"

Ìyáálé mi ní kó mú mi lọ, bàrékè á tún mi ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ní kí a má pa òun, ojú ń dun òun. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tí wọ́n ń fi bú ọmọ náà fún bàbá rẹ̀. Kò ṣàwàdà mọ́. Ó pe ọmọ náà wọ yàrá, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ojú ọmọ náà ti pọ́n nígbà tó jáde, ṣùgbọ́n kò gbé ẹrù kankan.

"Kò ní lọ mọ́," ni bàbá rẹ̀ wí. "Àmọ́ màá gbé ẹ̀rọ yìí padà. Àbí ẹ fẹ́ kó wà?"

Ó yẹ kí n dáhùn kíákíá. Mo ṣì ń ro ihò tí ìyáálé mi gbà kọjá. Gbogbo wọn rí i pé mò ń rò ó.

"Gbé e lọ," mo wí nígbẹ̀yìn.

Àwọn ènìyàn ṣì ń bi mí bóyá géèmù ń sọ ọmọ di oníjà. Mo máa ń ní n kò mọ ti ọmọ. Ó gbóná lára èmi, n kò lè sẹ́. Ṣùgbọ́n ìyáálé mi pa ju èmi lọ lọ́jọ́ yẹn, kò sì lu ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé padà, géèmù ti kúrò nílé, ọmọ náà sì tún dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú kọ́là aṣọ tó ti fàya. Gàrí wà lórí iná. Mo gbé igbá sílẹ̀, mo fi ìjókòó fún un.

"Kí ni ọmọ yẹn tún sọ sí ọ?"

Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Agbada kan gbáko ló jó, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.