Ọjọ́ Tí Mo Da Omi Ìrìbọmi Ìyá Àgbà Nù

Nígbà tí mo wà ní kékeré lábẹ́ òkè Ìdáàṣà, omi kì í ṣe ohun àfiṣeré. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí: bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, inú ihò àpáta la ti ń fi igbá ha omi, ẹni tó bá tètè jí ló ń pọn èyí tó mọ́. Omi tí a fi fọ iṣu, òun náà la ó fi ṣan ẹsẹ̀, òun náà la ó dà sí ìdí ata.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni mo gbé dàgbà. Agbẹ̀bí ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn àdúgbò wa, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí, títí kan olùkọ́ ìjọ tó ń múra òun àtàwọn mìíràn sílẹ̀ fún ìrìbọmi. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni olùkọ́ yìí ti dá ìyá àgbà padà pé kò yege. Ìbéèrè kan náà ni: àwọn Júù a máa wẹ ara wọn mọ́ léraléra, kí ló dé tí àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ fi ń ṣe ìrìbọmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ìyá àgbà á wojú rẹ̀, á rántí bó ṣe ké lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ìdáhùn á sì sá lọ. Ó dùn ún wọra. Ó ti darúgbó, ẹ̀rù ń bà á kó má lọ kú kó tó ṣèrìbọmi.

Èmi wá di olùkọ́ rẹ̀. Bí a bá ń pa ẹ̀pà, màá sọ ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì fún un, pé àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ máa ń wọ inú omi ṣíṣàn, wọ́n á rì wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á wọ aṣọ funfun fún wọn, wọ́n á sì fún wọn ní wàrà àti oyin lá. Ó fẹ́ràn ti oyin yẹn gan-an. Ó ní, “Wọ́n mọ ọmọ tọ́jú.”

Àárọ̀ ọjọ́ ìrìbọmi gan-an ni mo jí ẹran yíyan méjì jẹ nínú ìkòkò àsè rẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀. Mo rántí pé omi tó ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù wà nínú ìkòkò ńlá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo bá gun òkúta, mo kó sínú rẹ̀. Mo ri ara mi lẹ́ẹ̀kan, mo tún un ṣe. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ìkòkò dojú dé, tó fọ́, ilẹ̀ sì mu gbogbo omi náà.

Mo jẹ ẹgba lọ́jọ́ yẹn, títí mo fi jẹ́wọ́ ẹran tí mo jí! Olùkọ́ ní ìrìbọmi di ọdún tó ń bọ̀. Ìyá àgbà ò bá mi wí. Ó gbé igbá, ó gun òkè pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú omi ẹ̀kún igbá kan. Olùkọ́ ní kò tó. Fadá tó wá ṣe ìrìbọmi náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ náà, bí omi bá wọ́n, wọ́n á bu díẹ̀ lé èèyàn lórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì tó.

Olùkọ́ ò gbà, ó ní ìyá àgbà ò tíì dáhùn ìbéèrè òun. Ó nawọ́ sí mi, èmi tí ẹrẹ̀ bò dé orúnkún. Ó ní, “Ìyá, wọ́n ti ṣèrìbọmi fún ọmọ yín yìí láti kékeré. Ó tún ti jalè. Ṣé ká tún un ṣe fún un ni?”

Ìyá àgbà wò mí látòkè délẹ̀.

“Ọmọ tó bá dọ̀tí, wíwẹ̀ là ń wẹ̀ ẹ́. A kì í tún un bí.”

Fadá pàtẹ́wọ́. Àwọn obìnrin hó yèè. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló gbé igbá náà dání nígbà tí wọ́n ń bu omi lé ìyá àgbà lórí. Nínú aṣọ funfun ló ti jó délé, mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú oyin lọ́wọ́, inú mi dùn bíi pé èmi ni mo yege.

Lónìí, omi ẹ̀rọ ń ṣàn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà, inú fóònù sì làwọn ọmọ ti ń wá ìdáhùn. Èmi ni mo ń kọ́ wọn báyìí. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan tó jí àkàrà mi jẹ wá ń sunkún, ó ní ṣé kí òun tún ìrìbọmi ṣe. Mo fà á lọ sídìí ẹ̀rọ, mo fọ epo ọwọ́ rẹ̀ dànù. Mo ní, “Ó yá, wọlé wá jẹun. Ọmọ ilé ni ọ́.”