Géèmù Tó Wà Nínú Agbọ̀n Òwú

Ìdérí ẹ̀yìn géèmù náà ti lẹ̀ pinpin. Ẹnu ọ̀bẹ ni mo fi ṣí i lórí tábìlì ìdáná mi, ẹ̀wà ń hó lórí iná. Bátìrì kékeré méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n ti wú, omi inú wọn ti jáde, ó ti gbẹ di lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé. Àbúrò ìyá mi ló gbé géèmù yìí fún mi ní Ọ̀kà lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá ìyá àgbà mọ́ kí bíríkìlà tó dé. Inú agbọ̀n òwú ló ti rí i, wọ́n fi àjákù kíjìpá wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun.

Ìkàrẹ́ la ń gbé nígbà tí mo wà ní kékeré, níbi tí bàbá mi ti ń ṣe tíṣà, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọlidé, Ọ̀kà ni wọ́n máa ń mú mi lọ, sọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi. Ahunṣọ ni. Òfì rẹ̀ fara ti ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ga ju èèyàn lọ, òun a sì jókòó síwájú rẹ̀ lórí àpótí. Bó bá ti fa òwú kan gba àárín òwú yòókù kọjá, á fi igi pẹlẹbẹ lù ú mọ́lẹ̀: gbà, gbà. Òórùn aró kì í kúrò lára ìborùn rẹ̀. Èmi á fẹ̀yìn ti ògiri kejì, géèmù lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn géèmù aláwọ̀ eérú tó lóde nígbà náà ni, tí búlọ́ọ̀kù máa ń já bọ́ láti òkè, tí èèyàn á máa tò ó títí ìlà kan á fi kún. Bí ìlà bá kún, á pòórá, géèmù á sì fún ọ ní máàkì. Òfì ń dún gbà, géèmù ń dún tí-tí-tí, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ láàárín wa.

Ní ọlidé ọdún tí mo wà ní pírámárì karùn-ún, mo gba máàkì ẹgbẹ̀rún méjìlá. Ọmọbìnrin kan tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ó sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo táàmù. Máàkì yẹn ò ní kúrò nínú géèmù àfi tí èèyàn bá yọ bátìrì. Mo ń ka ọjọ́ tí a máa wọlé, kí n lè gbé e sí i lójú. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, mi ò ní ohun ìní mìíràn láyé nígbà náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo pọn omi dé, mo bá géèmù lórí àpótí, inú rẹ̀ ṣófo. Aago ògiri tó ti kú láti ìjẹta sì ti ń lọ. Etí ìyá àgbà ti ń wúwo, kì í gbọ́ ìpè ìrun mọ́, aago yẹn ló fi ń mọ̀ pé àsárì tó. Ó ti rí i pé irú bátìrì kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, ló bá yọ tèmi, ó ki ọ̀kan bọ inú aago. Kò mọ̀ pé nǹkan wà nínú géèmù tó lè dànù.

Mo sunkún títí. Mi ò fọwọ́ kan iyán tó gún. Mo tiẹ̀ la ẹnu, mo ní, "Mi ò ní wá sílé yín mọ́."

Kò bá mi wí. Ó ní kí n ṣàlàyé ohun tó dànù, mo sì ṣàlàyé bí ìlà ṣe ń kún. Ó wo géèmù náà pẹ́.

"Aṣọ nì yí," ó ní. "Aṣọ lò ń hun, èmi ni mo gé e kúrò lórí òfì."

Láàárín àwọn ahunṣọ agboolé wọn, bí ọwọ́ ẹnìkan bá ba aṣọ ẹlòmíràn jẹ́ lórí òfì, ẹ̀bẹ̀ nìkan ò tó. Onítọ̀hún á wá jókòó ti aláṣọ, á máa na òwú fún un, títí aṣọ á fi padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà yọ bátìrì aago padà fún mi lọ́jọ́ yẹn gan-an. Láti ọjọ́ kejì, bó bá ti kírun àìlá tán, á fi òfì tirẹ̀ sílẹ̀, á wá jókòó tì mí. Aago ti padà kú, torí náà bí àsárì bá ń súnmọ́, á yọjú sẹ́nu ọ̀nà lọ wo òjìji.

Kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì rí. Ojú ló fi ń bá mi ṣe é.

"Fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn sílẹ̀," á ní. "Èyí tó gùn ń bọ̀. Jẹ́ kó bá ulé ẹ̀ lófìfo."

"Tí kò bá wá ńkọ́, Màmá?"

"Á wá. Ìwọ ṣáà má kánjú dí i."

Ulé ló máa ń pe ilé, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀. Bí búlọ́ọ̀kù gígùn náà bá já bọ́ sí àyè rẹ̀, tí ìlà mẹ́rin pòórá lẹ́ẹ̀kan, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mo sọ àbí mi ò sọ?"

Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án la bá a dé tí ọlidé fi parí. "Uṣẹ́ ò tíì tán," ó ní. "Fi í sílẹ̀ níbí, kí ẹnikẹ́ni má tún yọ inú ẹ̀. Tó o bá dé, a ó parí ẹ̀." Mo fi í sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ gbé lọ fi han ọmọbìnrin yẹn, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án?

Ọlidé tó tẹ̀ lé e, bàbá mi fi mí sí lẹ́sìnnì ìdánwò àṣewọlé ní Ìkàrẹ́, mi ò lè lọ sí Ọ̀kà. Lẹ́yìn ìyẹn, mo wọ ilé ìwé tí wọ́n ti ń sùn síbẹ̀ ní Òkè-Àgbè, mo di ọmọge, géèmù di nǹkan ọmọdé lójú mi. Iléyá nìkan ni mo ń lọ sí Ọ̀kà, màá jẹ ẹran, màá sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ìyá àgbà ò bi mí léèrè géèmù rí. Mo wà ní yunifásítì nígbà tó kú.

Ní Sátidé yẹn, àbúrò ìyá mi ní, "Màmá ò jẹ́ ká yọ bátìrì inú nǹkan yìí rárá. Tí aago bá kú, tá a ní ká mú ti ibẹ̀, wọ́n á ní aṣọ rẹ ṣì wà lórí òfì. Wọ́n á wá jáde lọ máa wo òjìji."

Ojú tì mí. Mo ti sọ lọ́mọdé pé mi ò ní wá sílé ìyá àgbà mọ́, mo sì ti mú un ṣẹ láìmọ̀, òun ń dúró.

Mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ ìpata náà, mo ki bátìrì tuntun bọ̀ ọ́. Ó dún tí-tí-tí. Ibi tí máàkì máa ń wà, òdo ló wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, síbẹ̀ ó dùn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, kí n sì tó ronú kàn án, ọwọ́ mi ti fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sílẹ̀ lófìfo. Ẹ̀wà mi jóná nídìí.

Ohun tí ìyá àgbà kọ́ mi ò mọ sórí géèmù. Tí mo bá ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́, ẹnu mi kì í gbà á láti sọ pé "má bínú" kí n sì máa lọ. Mo máa ń fa àga sún mọ́ ọn. Òun nìkan ni mi ò fa àga sún mọ́ nígbà tó yẹ.

Mo ti dé ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá báyìí. Lánàá, aago pálọ̀ wa kú, ọkọ mi sì nawọ́ sí géèmù náà pé òun fẹ́ yọ bátìrì kan níbẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó lọ ra òmíràn, aṣọ ṣì wà lórí òfì. Ó wò mí, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Kó tó dé, àsárì ti ń súnmọ́, mo sì yọjú sẹ́nu ọ̀nà lọ wo òjìji.