Ọkọ̀ Tí A Fi Ọ̀já Dì Wálé

Àkùkọ ò tíì kọ lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti di ẹrù mi láti alẹ́: gàrí, kaṣú yíyan, máńgòrò tí kò tíì pọ́n tán kó má baà rà lójú ọ̀nà, àti ọ̀já mi. Kò sígbà tí mo lọ sọ́dọ̀ Mórọ̀ńkẹ́ ọmọ mi l'Ékòó tí n kì í mú ọ̀já dání, nítorí Dérera ọmọ rẹ̀. Dérera náà ló jókòó tì mí tó ń kọ ohun tí mò ń sọ fún ẹ̀yin ará àdúgbò wa yìí, nítorí èmi ò mọ̀wé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e láti kékeré. Ẹ̀yìn la fi ń gbé e, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ àti ẹ̀yìn tèmi. Ó ní kí n má sọ ìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́, torí bí a bá yọ ìyẹn kúrò, kí ni mo wá lọ ṣe l'Ékòó?

Tíṣà ni Mórọ̀ńkẹ́ ní Yaba. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń dá owó sínú kóparétíìfù ọjọ́ ti pẹ́, kí wọ́n lè fi ra ọkọ̀ kékeré. Ilé ìwé tuntun tí Dérera fẹ́ wọ̀ jìnnà sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó tí wọ́n ń gbé. Ọmọ náà sì ti dàgbà, apá rẹ̀ le bí apá ẹni tó ń gúnyán tà, ó ti wúwo ju ọmọ ẹ̀yìn lọ. Mórọ̀ńkẹ́ pè mí lórí fóònù, ó ní, "Màámi, ẹ̀yìn mi fẹ́ẹ̀ já. Bí a ò bá rí ọkọ̀ rà kí ilé ìwé tó wọlé, ọmọ yìí á jókòó sílé ni o. Ẹ wá bá wa fojú sí i." Mo ní mò ń bọ̀.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní ìdíkọ̀. Iwájú ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, ihò ojú ọ̀nà ò jẹ́ kí èèyàn tòògbé. Ní Ọ̀yọ́ a sọ̀ kalẹ̀, mo ra ẹ̀kọ méjì àti àkàrà. Àkàrà náà kéré bí ojú ológbò, owó rẹ̀ sì ju ti ìyá aláàkàrà àdúgbò wa lọ, àmọ́ ó gbóná, mo jẹ ẹ́. Nígbà tí a padà wọkọ̀, mo bi awakọ̀ pé, "Ọmọ mi, bí ìwọ bá fẹ́ ra ọkọ̀ kékeré, kí lo máa kọ́kọ́ wò?"

Ó ní, "Màmá, ẹni tó ń tà á ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ọkọ̀ ò lè purọ́."

Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́. A kọjá Ìbàdàn, títì náà wá ń dán. Oòrùn ti wà ní àárín orí kí a tó dé Costain l'Ékòó, níbi tí Mórọ̀ńkẹ́ ti dúró dè mí. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Nígbà tó fẹ́ dìde, ó fọwọ́ ti orúnkún, ó ní "yéè." Ọmọ tí mo bí, tí kò tíì dàgbà tó mi, ló ń dìde bí arúgbó.

Lọ́jọ́ kejì a jáde lọ wo ọkọ̀. Ọkọ Mórọ̀ńkẹ́ wà níbi iṣẹ́, kò ráàyè, nítorí náà èmi, Mórọ̀ńkẹ́ àti Wásíù la lọ. Wásíù ni mẹkáníìkì tí wọ́n mọ̀, ọmọ Mushin, aláwàdà èèyàn. Dérera náà fẹ́ tẹ̀ lé wa. Ìyá rẹ̀ kọ̀. Ó ní bí àwọn tó ń ta ọkọ̀ bá rí ọmọ náà lórí àga onítáyà rẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀ràn ọ̀hún ká wa lára, owó á gun òkè. Òótọ́ ló sọ. Nílé wa náà, a kì í gbé ọmọ tí ebi ń pa lọ sídìí oníṣu. Ojú ọmọ náà rẹ̀ wálẹ̀. A fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò.

Lójú ọ̀nà Ìlúpéjú ni wọ́n to àwọn ọkọ̀ náà sí, lábẹ́ igi. Ará Èkó ní èdè tiwọn fún ọkọ̀. Wọ́n ní "tòkunbọ̀", ìyẹn èyí tí òyìnbó ti lò tó wá gba orí òkun dé. Wọ́n ní "fáàsì bọ́dì", ìyẹn èyí tí ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún níbi tí wọ́n ti ṣe é ṣì wà lára rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò tún un kùn. Ohun tí à ń fi ojú wò lára adìẹ nílé ni wọ́n ń fi ọwọ́ gbá wò lára ọkọ̀. Wásíù ń gbá ilẹ̀kùn kiri bí ẹni tó ń gbá ìdí páànù wò kó tó ra ẹ̀pà. Ibi tó bá dún gbọ̀ọ̀, ó ní wọ́n ti fi àtè dí ojú ibi tó ti fọ́.

Àlàájì ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó ni ibẹ̀. Kò tíì dàgbà, ó ń rẹ́rìn-ín lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó mú wa lọ sídìí ọkọ̀ gíga kan tó ń dán bíi fàdákà. "Màmá, ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ rà á, kẹ́ ẹ wà á lọ." Wásíù ṣí iwájú ọkọ̀ náà, ó tẹ́tí sí i, ó ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára. Búùtù rẹ̀, ìyẹn ibi tí a ń kó ẹrù sí lẹ́yìn, tóbi bíi yàrá. Mórọ̀ńkẹ́ wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọn búùtù náà. "Màámi, àga Dérera á wọ ibí yìí láìká a pàápàá!" Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ owó.

Mo ní, "Ẹ dúró ná. Ẹ lọ mú ọmọ náà wá."

"Màámi, a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí nílé."

"Mo gbọ́. Ta ló ń ra bàtà láìwọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀? Ẹ lọ mú un wá."

Ó lọ, ó ń kùn sínú. Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó fi gbé Dérera padà gba owó èèyàn méjì nítorí àga. Bí wọ́n ṣe dé, bí Mórọ̀ńkẹ́ ṣe sọ gan-an ni: Àlàájì wo ọmọ, ó wo àga, ẹ̀rín rẹ̀ sì fẹ̀ sí i.

A gbé àga náà sún mọ́ ọkọ̀ fàdákà. Ìjókòó ọkọ̀ ga dé èjìká Dérera. Ó nawọ́ mú ilẹ̀kùn, ó fa ara rẹ̀, kò dé ibẹ̀. Ó tún fà á. Òógùn bò ó. Ìyá rẹ̀ bá tẹ̀ ba, ó kọ ẹ̀yìn sí i bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Gùn mí, kí n gbé ẹ sí i." Mo gbọ́ bí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe dún.

Mo ní, "Mórọ̀ńkẹ́, àga onítáyà la fẹ́ ra ọkọ̀ fún ni, àbí ọmọ?"

Dérera ló nawọ́ sí ẹ̀yìn igi. "Ìyá àgbà, tọ̀hún ńkọ́?"

Ọkọ̀ kékeré kan ló wà níbẹ̀, àwọ̀ ewé tó ti ṣá, ilẹ̀ ni ó jókòó sí bí pẹ́pẹ́yẹ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí gbàgàdà. A ti àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìjókòó méjèèjì sì fẹ́ẹ̀ ṣe déédéé. Dérera wò ó, ó fi ọwọ́ kan di òrùlé mú, ó fi ìkejì ti àga, ó sún ìdí, ó tún sún un. A kàn rí i ni, ó ti jókòó sínú ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún wọlé, ó gbé tòsì wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Èmi tí mo ti ń ra ewúrẹ́ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge, tí mo mọ̀ pé bí ewúrẹ́ bá wù ọ́, ńṣe lo máa bú u. Mo gbé ọwọ́ lé orí ọkọ̀ náà, mo ní, "Ọkọ̀ yìí, wàá gbé wa re, wàá gbé wa bọ̀. O ò ní fi wá sílẹ̀ sójú ọ̀nà. O ò ní mu ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀rín wọ̀ ọ́, ẹ̀rín ni yóò fi sọ̀." Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ igi ní, "Àmín!" Ohùn Àlàájì ló ròkè jù.

Kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá ti súre sórí ọjà ti rà á nìyẹn.

Àlàájì fọwọ́ ra ọwọ́. "Màmá ti súre, ọjà ti di tiyín. Mílíọ̀nù mẹ́ta àti igba ẹgbẹ̀rún. Kò sí ìdúnàádúrà mọ́."

Mórọ̀ńkẹ́ káwọ́ lérí. "Màámi, ẹ pa mí o!" Mílíọ̀nù mẹ́ta péré ni gbogbo ohun tí wọ́n ní.

Mo jókòó sórí òkúta. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo pe ọkùnrin náà. "Ọmọ mi, ṣé o ṣe àmín?"

"Mo ṣe é, Màmá."

"Tinútinú?"

"Ẹ̀ẹ́, ṣé wọ́n ń fi àmín ṣeré ni?"

"Kí ni mo ní kí ọkọ̀ yìí má ṣe?"

"Ẹ ní kó má fi yín sílẹ̀ lójú ọ̀nà."

"Wásíù, táyà iwájú ńkọ́?"

"Màmá, ó ti dán bí orí apárí."

Mo kọjú sí Àlàájì. "Ìwọ tó o ṣe àmín tinútinú, ṣé táyà apárí yìí ló máa gbé ọmọ yìí dé Ògbómọ̀ṣọ́?"

Àwọn tó ń ta ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Àlàájì, àmín ti mú ẹ o!" Ó yọ fìlà, ó họ orí, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó wo Dérera nínú ọkọ̀. Dérera ò tíì fẹ́ jáde. Ó wá ní kí wọ́n yọ táyà méjì tó ṣì nípọn lára ọkọ̀ mìíràn wá. "Ẹ mú mílíọ̀nù mẹ́ta wá. Àmọ́ éèsì ò ṣiṣẹ́ o, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń tà á." Éèsì ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sínú ọkọ̀.

"Fèrèsé ńkọ́?"

"Ó ń ṣí."

"Ó tó bẹ́ẹ̀."

Kí n má parọ́, Wásíù sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ká ní mo panu mọ́ ni, owó náà ì bá tún wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mórọ̀ńkẹ́ ṣì ń fi bú mi dòní.

Ohun kan kù. Búùtù ọkọ̀ náà kéré. A ká àga, a fì í síbí, a fì í sọ́hùn-ún, táyà rẹ̀ kan ṣáà yọ síta, búùtù ò sì pa dé. Wásíù ń wá okùn kiri. Dérera yọ orí lójú fèrèsé.

"Ìyá àgbà, ọ̀já yín ńkọ́?"

"Ó wà nínú àpò mi."

"Ẹ fi dì í. Mi ò lò ó mọ́."

Mo yọ ọ̀já. Mórọ̀ńkẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì fi di búùtù náà, ó ta á ní kókó bí ẹni tó ń so ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Kò bú mi lásìkò yẹn.

Mo dúró l'Ékòó títí wọ́n fi parí ìwé ọkọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, Mórọ̀ńkẹ́ àti ọkọ rẹ̀ gbé èmi àti Dérera wálé fún ìsinmi. Atẹ́gùn Ìbàdàn fẹ́ gèlè mi lọ sẹ́yìn ọkọ̀. A bu epo lẹ́ẹ̀kan, Mórọ̀ńkẹ́ ń wo abẹ́rẹ́ tó ń ka epo, ó ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ẹ ò rí i pé kì í mu epo!"

Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí a dé. Ìyá Táíwò aládùúgbò wa ló kọ́kọ́ rí ọ̀já náà. "Ah! Ṣé ẹ pọ̀n ọkọ̀ wálé ni?" Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ba sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó kọ ẹ̀yìn sí Dérera, bí gbogbo yín ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tó ti wà ní kékeré. Dérera ní, "Ẹ ṣé mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú àga mi ná." Gbogbo wa dúró. A tú ọ̀já, a gbé àga wá, ó sọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì wọlé ṣíwájú wa.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìn àjò yìí ò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fowó kékeré ra ọkọ̀, kó mú ẹni tó máa jókòó sínú rẹ̀ dání, bí ẹni náà bá tiẹ̀ máa jẹ́ kí owó gun òkè. Kó sì di ẹnu rẹ̀ mú títí wọ́n fi gba owó.

Epo ọkọ̀ ti ta sára ọ̀já mi. Mo fọ̀ ọ́ lánàá, kò lọ. Mo sá a sórí okùn bẹ́ẹ̀.