Màámi l'Oǹdó, Mo Ti Jẹun O

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí ti wúwo jù fún èmi nìkan.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mí ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Àkúrẹ́. Oǹdó ni màámi ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ojú màámi sì ti fọ́. Láràárọ̀, kí ètò mi tó parí, mo máa ń sọ pé, "Màámi l'Oǹdó, mo ti jẹun o." Ọ̀gá mi bá mi wí títí, ó sú u! Mo tún máa ń pe màámi lórí fóònù, ṣùgbọ́n wọ́n ní èyí tí gbogbo ayé ń gbọ́ ló dùn mọ́ àwọn. Ìyá oníyangàn!

Lọ́jọ́ kan, tíṣà kan pè wá láti Ìgbàrà-Òkè pé kò sí oògùn kankan ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà lọ́dọ̀ àwọn. Ọ̀gá mi ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n gé ìpè náà. Ṣé irọ́ ni tíṣà pa ni? Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé lẹ́tà àti àgádágodo dé, wọ́n ní a ti rú òfin. Bí wọ́n ṣe ti ilé iṣẹ́ wa pa nìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá màámi jà. Ẹ̀rù bà mí pé tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á rò pé ọlọ́pàá máa mú mi. Ni mo bá ní kí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún wọn pé rédíò wọn ló bàjẹ́. Wọ́n kàn ní kò burú, wọn ò sì béèrè mọ́.

Lóṣù kejì, màámi kú. Láàárọ̀ ni, lórí àga wọn. Rédíò wà lórí itan wọn, ó ń hó ṣàà.

Níbi ìsìnkú ni ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wọn ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọmọ aládùúgbò kan fa màámi lọ́wọ́ gbé rédíò náà wá, òun sì sọ fún wọn pé kò sí ohun tó ṣe é, pé ìjọba ló ti ilé iṣẹ́ wa pa. Màámi bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ti mọ̀, kí ọkàn ọmọ àwọn má baà bàjẹ́. Láràárọ̀ ni wọ́n ń tan rédíò náà, bóyá a ti padà.

Háà! Èmi ń purọ́ fún wọn, àwọn náà ń ṣe bí ẹni gbà á gbọ́. Mo sunkún títí ohùn mi fi há.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjọba ní ká ṣílẹ̀kùn padà. Nígbà tí ètò mi fẹ́ parí, ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Màámi l'Oǹdó, mo ti jẹun o."

Ìjọba ló ti ilé iṣẹ́ wa pa, mi ò ní dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n èmi ni mo pa ẹnu ara mi mọ́ fún ìyá mi. Ẹ máa sọ òótọ́ fún àwọn òbí yín nígbà tí wọ́n ṣì lè gbọ́. Ta ni ẹ̀yin ń fi òótọ́ pamọ́ fún nítorí ìfẹ́? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ pè wọ́n ná.