Àkèré Tó Kúnlẹ̀

Ẹni tó bá ń gbé orí òkè ní Attécoubé, ní Abidjan, tó tún ń ṣiṣẹ́ ní Riviera, kò yẹ kó jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn oorun. Àdìzátù fẹ́ràn oorun. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á ti máa sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà, bàtà ìrìn lẹ́sẹ̀, bàtà ọ́fíìsì nínú báàgì. Á wọ gbáká, bọ́ọ̀sì kékeré tí kì í kún lójú awakọ̀ rẹ̀, dé Adjamé, á tún wá takisí alájọwọ̀ tí wọ́n ń pè ní wọ́rọ̀wọ́rọ̀, kó tó rí Riviera. Tó bá fi máa jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà tán. Wọ́n á sì máa bi í pé ṣé ó sùn dáadáa. Ìbéèrè wo nìyẹn?

Azizatou ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí rẹ̀. Treichville ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, Mùrítàlá, ti wá. Abọ́ tánganran ni bàbá náà tà ní ọjà Adjamé títí ẹsẹ̀ fi sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Yorùbá tí Àdìzátù ń gbọ́ pọ̀ ju èyí tó lè sọ lọ. Tó bá ń bínú, Faransé ló fi ń bínú. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe ìwé àwọn ọmọdé ló gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka ìwé kí wọ́n tó lọ tẹ̀ ẹ́, kó máa wá àṣìṣe, kó sì máa fa ìlà pupa sí i nídìí.

Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe ọ̀nà ló ń rẹ̀ ẹ́ jù. Ilé ni. Ó ti tó ọdún méjì tó ti kúrò nílé ọkọ rẹ̀, Zakari, tó padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Zakari kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ ìyá rẹ̀ ló ni ilé, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ àlejò ni níbẹ̀. Ní àràárọ̀, Àdìzátù á kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ìyá náà á wo ibòmíràn. Kò ní dáhùn, kò sì ní sọ pé kó dìde. Á máa fi pákò rin eyín, á máa bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ìyàwó á sì wà lórí ìkúnlẹ̀ títí yóò fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò bínú, kò sunkún, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Ó dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó dìde, ó wọlé lọ kó aṣọ sínú báàgì, ó sì gba ọ̀nà Attécoubé.

Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bàbá gbọ́ ọ tán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bi í.

"Ta ló ní kí o dìde?"

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ tán láàárín wọn. Bàbá ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó ń dáhùn ìkíni rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oríkì rẹ̀, Àjọkẹ́, tó jẹ́ pé bàbá nìkan ló kù láyé tó ń fi pè é, kò fi pè é mọ́. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún ni o, tó mọ̀wé, tó ń dá ara rẹ̀ bọ́. Síbẹ̀, kò sí ohun tó ń wá nínú ayé yìí bí kí arúgbó yẹn gba ọ̀rọ̀ yẹn padà sẹ́nu. Ó ń dùn ún ju bó ṣe lè sọ lọ.

Lọ́dún 2007, ọ̀gá rẹ̀, Gilbert, pè é. Ọmọ àwọn ará Kétu tó wá tẹ̀dó sí Abidjan ni Gilbert. Yorùbá tirẹ̀ kò kúnjú abọ́.

"Aziza, on va faire une collection, ọ̀wọ́ ìwé kan. Àwọn ìtàn ilé, mais ká tún wọn sọ ní ọ̀tun. Nǹkan tí papa, maman, àwọn ọmọ lè jókòó kà ensemble. Pas de sang, pas de sorciers, mi ò fẹ́ ẹ̀jẹ̀, mi ò fẹ́ àjẹ́. Bàbá ẹ mọ ìtàn, non?"

"Ó mọ̀ ọ́n."

"Voilà. Kọ ọ̀kan wá."

Bàbá mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ní àgbàlá tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbé ní Treichville, òun ni gbogbo ọmọ máa ń yí ká nígbà náà, ìtàn tí wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́ fún jù ni ti Àkèré. Ọ̀dá omi dá ní ìlú àwọn àna Àkèré. Àwọn òbí ìyàwó rẹ̀ gbé ìkòkò omi tó kù fún un pé kó máa ṣọ́ ọ. Àkèré tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó tún tọ́ ọ wò, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì tutù ni, títí ó fi lá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nígbà tí àna dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àna sì mọ̀ pé ọkọ ọmọ kì í dìde àfi tí wọ́n bá ní kó dìde. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n wá omi lọ. Wọn ò padà wá. Ìdí nìyẹn tí ikùn rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ títí dòní, tí òjò bá sì ti rọ̀, á máa ké pé, "Ẹ ní kí n dìde o! Ẹ ní kí n dìde!" Bàbá á dákẹ́ níbẹ̀, gbogbo ọmọ á sì pariwo pé, "Wà níbẹ̀ jàre!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí àwọn ìyá wọn á fi wá kó wọn.

Àdìzátù kọ ìtàn náà nínú gbáká, lórí itan ara rẹ̀, pẹ̀lú ìgbúnwọ́ ẹni ẹlẹ́ni ní ìhà. Faransé ló fi kọ ọ́, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ti yẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀, èdè Faransé kò gbà kí ohunkóhun wà láyé láìjẹ́ akọ tàbí abo. Àga, obìnrin ni. Bẹ́ẹ̀dì, ọkùnrin ni. Ẹ má bi mí nídìí rẹ̀, ẹ bi àwọn tó ni èdè. Àkèré tiwọn, la grenouille, obìnrin ni. Àwa ń sọ "ó", a ń sọ "ó", a sì ń bá tiwa lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ṣòkòtò ló wọ̀ tàbí ìró ló ró. Ṣùgbọ́n ní ìlà àkọ́kọ́ nínú Faransé, Àkèré ti di "elle". Bó sì ti di "elle", àna rẹ̀ di ìyá ọkọ. Obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, nítorí náà Àkèré kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ká bẹ́ẹ̀ títí dòní. Àdìzátù ti pẹ́ gan-an tó ti gbọ́ ìtàn yẹn kẹ́yìn. Ó ń kọ ọ́ lọ bó ṣe ń jáde. Ẹni tó ń jẹun lórí àṣìṣe ẹlòmíràn, kò rí tirẹ̀.

Gilbert kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀. "C'est triste, hein, ó bani nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n ó dára gan-an."

Alidou, ọmọkùnrin tó ń yàwòrán fún wọn, ró ìró fún Àkèré, ó wé gèlè fún un, ó ká orúnkún rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ó ní, "Tantie Aziza, mi ò mọ ìdí ẹ̀ o, mais tí mo bá ń yà á, ìwọ ni mò ń rí."

Àdìzátù rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ bọ́jú.

Ọjọ́ tí ìwé náà jáde, òun fúnra rẹ̀ ló lọ gba díẹ̀ lára rẹ̀ ní Zone industrielle de Yopougon, níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Oòrùn ń pa á, eruku àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń wọ̀ ọ́ nímú, ẹrù ìwé sì ń fa èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó ti fi orúkọ bàbá síwájú ìwé pé òun ló ni ìtàn náà. Bí nǹkan kan bá máa la ẹnu arúgbó yẹn, ó ní, èyí náà ni.

Bàbá ti kí ìrun Àsárì tán, ó jókòó sórí àga ní ìta, ó ń wo ọ̀sà nísàlẹ̀. Àdìzátù kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún un.

"Kí lèyí?"

"Ìtàn Àkèré ni, Bàbá. Ìtàn yín. Orúkọ yín nìyí."

Bàbá fi ìka tọ orúkọ náà bí ẹni ń wò ó bóyá ó ti gbẹ. Ó dá ìwé padà fún un. "Kà á."

Kò ní kó dìde. Bóyá ó gbàgbé, bóyá kò gbàgbé. Àdìzátù wà lórí ìkúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ń kà á, ó ń yí Faransé padà sí Yorùbá bó ṣe ń lọ. Ọ̀dá omi dá. Wọ́n gbé ìkòkò fún Àkèré. Ó tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò. Bàbá ń mi orí, ẹ̀rín kékeré kan ń bọ̀ létí ẹnu rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Àdìzátù ti rí ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ó kà á lọ pé, "Nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ dé, Àkèré kúnlẹ̀..."

"Dúró. Ìyá ọkọ ta ni?"

"Ti Àkèré, Bàbá."

"Ọkùnrin ni Àkèré. Ó lọ́kọ ni? Àkèré kì í kúnlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ ni!"

Àdìzátù wo gèlè, ó wo ìró, ó wo orúnkún tó ká sílẹ̀, ó sì rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé tí wọ́n ti tẹ̀, tí wọ́n ti dì sínú páálí! Ojú tì í débi pé Faransé ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Mon Dieu. Ẹ má bínú, Bàbá. Èdè wọn ló sọ ọ́ di obìnrin, mi ò sì fura. Mo ti ba ìtàn yín jẹ́. Màá ní kí wọ́n tún un tẹ̀."

Kódà èyí náà, ó ronú. Kódà èyí náà kò bọ́ sí i fún mi.

Bàbá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó wo àwòrán yẹn pẹ́, lẹ́yìn náà ó dá a padà.

"Kà á lọ."

"Bàbá, ó ti bàjẹ́."

"Mo ní kí o kà á lọ."

Ó kà á lọ. "Ìyá ọkọ rẹ̀ wo ibòmíràn. Kò dáhùn, kò sì ní kó dìde. Ó ń rin eyín rẹ̀, ó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀." Èyí kò sí nínú ìtàn bàbá. Nígbà tó ń kọ ọ́ nínú gbáká, ó rò pé òun hùmọ̀ rẹ̀ ni. "Òjò rọ̀, òjò dá, Àkèré wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ké pé, 'Ẹ ní kí n dìde o! Ẹ ní kí n dìde!'"

Ó dákẹ́ níbẹ̀. Kò gbèrò láti dákẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dákẹ́ sí, kí àwọn tó ń gbọ́ lè dáhùn. Ẹnu bàbá là láti sọ pé, "Wà níbẹ̀ jàre," bí àwọn ọmọ ṣe máa ń sọ ní Treichville. Ó pa á dé.

Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wo orúnkún rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"O sọ gbogbo èyí fún mi lọ́jọ́ tí o dé."

"Mo sọ ọ́, Bàbá."

"Mi ò gbọ́." Ó nu ojú rẹ̀ nù. "Mo rò pé mo gbọ́, mi ò gbọ́ rárá. Àjọkẹ́, dìde."

Àdìzátù gbìyànjú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, kò gbé e. Omijé wá ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Mò ń bọ̀, Bàbá. Ó ti rẹ̀ mí ni."

Arúgbó náà di ògiri mú, ó rọra sọ̀kalẹ̀ lórí àga, egungun rẹ̀ ń ké, títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó mú ìwé náà sórí itan ara rẹ̀.

"Má jẹ́ kí wọ́n tún un tẹ̀," ó ní. "Jókòó dáadáa. Na ẹsẹ̀ rẹ."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í na ẹsẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Àdìzátù na tirẹ̀.