Pọ́ǹpù Epo àti Etí Bàbá Ameenat

Rẹ́wáyà ni mí, Shuaib lorúkọ mi. Wáyà ọkọ̀ ni mò ń tún ṣe ní ọgbà mẹ́káníìkì kan lẹ́yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Àgídìngbì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé iṣẹ́ náà rọrùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ Bàbá Ameenat ni, mẹ́káníìkì tí ṣọ́ọ̀bù wọn fara ti tèmi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Nùréènì ni wọ́n sọ wọ́n, ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti pe àgbà lórúkọ nínú ọgbà wa?

Etí ni Bàbá Ameenat fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn mẹ́káníìkì ìwòyí á so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀, wọn á máa wo ojú ẹ̀rọ, wọn ò sì ní rí nǹkan kan. Bàbá Ameenat á ní kí o tan ọkọ̀. Wọn á di ojú, wọn á tẹ́tí sí i, wọn á ní, "Pa á. Púlọ́ọ̀gì kan ti kú nínú ẹ́ńjìnnì yìí." Wọn kì í ṣì í. Torí etí yìí làwọn èèyàn ṣe ń gbé ọkọ̀ wá láti Ọ̀pẹ̀bì títí dé Ìfàkọ̀-Ìjàyè.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé etí náà ti lọ. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí jẹnẹrétọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ti ń bú lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn látàárọ̀ dalẹ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ fura. Mo pè wọ́n láti ẹ̀yìn, wọn ò dáhùn. Fóònù á máa ké nínú àpò wọn, àfi kí ẹlòmíràn sọ fún wọn. Gbogbo ọgbà mọ̀, gbogbo ọgbà sì panu mọ́. Ẹ sọ fún mi, èmi ọmọ ogójì ọdún, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún ẹni tó lè bí mi pé ó ti di adití? Wọ́n á ní n kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dá ọgbọ́n kan tí ẹnikẹ́ni ò pè ní ọgbọ́n. Bí Bàbá Ameenat bá ti tan ọkọ̀ tán, wọn á wo ojú mi. Bí mo bá mi orí, wọn á sọ fún oníbàárà pé ó ti dáa. Bí mo bá fajú ro, wọn á tún bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ẹ̀rọ. Odindi ọdún méjì, a ò sọ ọ́ síta rí. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ tí àwọn oníbàárà bá gbọ́, ó parí nìyẹn. Ta ni yóò gbé ọkọ̀ fún mẹ́káníìkì tí kò gbọ́ràn? Bàbá Ameenat ò sì ní ibòmíràn tí wọ́n ń lọ. Lọ́jọ́ iléyá pàápàá, tí a ti ọgbà pa, ẹ ó bá wọn lórí àga wọn níbẹ̀, wọ́n á ní àwọn kàn ní kí àwọn wá gba atẹ́gùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí Mọ́mì Oyèníkẹ́ gbé jíìpù wọn dé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Mọ́mì, ará Ìkọ̀lé-Èkìtì, Ìfàkọ̀-Ìjàyè ni wọ́n ń gbé. Jíìpù náà dàgbà ju àbíkẹ́yìn wọn lọ. Ibi tó bá wù ú ló ń kú sí, kò sì ní jí àfi tí èèyàn bá lu táǹkì epo rẹ̀ láti abẹ́. Ọmọ odó ni Mọ́mì fi ń lù ú. Inú búùtù ló ń gbé. Ẹ wo tíṣà àgbà, pẹ̀lú awò lójú, tí ń wọ abẹ́ ọkọ̀ láàárọ̀ tó sì ń gún táǹkì bí ẹni gún iyán!

"Mọ́mì, pọ́ǹpù epo ló ń kú lọ," Bàbá Ameenat sọ fún wọn. "Ẹ̀yin náà lẹ sì ń pa á. Inú epo ló ń gbé, epo ló ń tù ú lára. Ẹ̀yin á ra lítà márùn-ún lónìí, lítà márùn-ún lọ́la. Inú táǹkì gbẹ, ooru ń pa pọ́ǹpù."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí lítà márùn-ún náà ni mò ń rà. Gbogbo wa ní Èkó yìí, bí a ṣe ń ṣe nìyẹn, a ó wá máa ní ayé ló ń bá wa jà.

Lẹ́yìn náà ni Mọ́mì sọ ohun tó gbé wọn wá. Ní Sátidé, wọ́n fẹ́ gbé ìyá wọn, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, lọ sí Ìkọ̀lé. Ibì kan wà lọ́nà yẹn tí igbó ti ṣú, tí ẹnikẹ́ni kì í gbàdúrà kí ọkọ̀ òun dúró sí lóde òní.

"Bó bá kú síbẹ̀, Bàbá Ameenat," Mọ́mì sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ìyá mi ò lè sáré o."

Bàbá Ameenat wo ẹnu wọn títí wọ́n fi sọ ọ́ tán. Wọ́n ní kò ní kú, Ọlọ́run Ọba.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá Ameenat fúnra wọn ti lọ mú pọ́ǹpù tuntun bọ̀. A tú àga ẹ̀yìn, a ṣí ìdérí tó wà lábẹ́ rẹ̀, òórùn epo gba gbogbo ọkọ̀. Pọ́ǹpù àtijọ́ jáde, ó dúdú, ẹrẹ̀ ti dí ẹnu asẹ́ rẹ̀ pátápátá. Bàbá Ameenat nu inú táǹkì, wọ́n gbé tuntun sí i, wọ́n dì í pa. Iṣẹ́ tèmi ló kù. Ẹnu wáyà tó ń gbé iná fún pọ́ǹpù ti jóná, mo gé e, mo fi òmíràn sí i. Mo ṣì mú un lọ́wọ́, n ò tíì kì í bọ pọ́ǹpù, nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Mo nàró.

Bàbá Ameenat ti wà níwájú, lórí àga awakọ̀. Bí èèyàn bá yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, pọ́ǹpù tó bá dáa á ké fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, á sì dákẹ́. Wọ́n rí i nínú dígí pé mo dìde, wọ́n rò pé mo ti parí, wọ́n sì yí kọ́kọ́rọ́. Wọn ò dúró kí n mi orí. Bóyá torí pé Mọ́mì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wo aago ni.

"Ẹ gbọ́ ọ, Mọ́mì?" Bàbá Ameenat ní, inú wọn ń dùn. "Ó ń ké! Ẹ máa gbé Màmá lọ."

Yéè! Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jíìpù ni Mọ́mì dúró sí, ojú wọn sì wà lára wáyà tó wà lọ́wọ́ mi.

"Kí ló ń ké, Bàbá Ameenat? Ṣé wáyà rẹ̀ kọ́ ni Shuaib mú dání yìí?"

Bàbá Ameenat ò gbọ́ ìyẹn náà. Mọ́mì tún un sọ sókè. Nígbà náà ni wọ́n yíjú padà, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wá wo ojú mi.

Mo purọ́. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo pa irọ́ gbuu. "Ó ké o, Mọ́mì! Mo ti kì í bọ̀ ọ́, ó ké, mo kàn tún yọ ọ́ kí n lè dì í dáadáa ni. Ẹ̀yin ni ẹ ò fetí sílẹ̀." Mọ́mì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ogójì ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọmọ níwèé, wọ́n mọ irọ́ bó bá wọlé.

Bàbá Ameenat sọ̀kalẹ̀. "Shuaib, kí lo sọ fún wọn?"

Mọ́mì ló dáhùn, wọ́n sì sọ ọ́ ketekete: "Ó ní ó ké."

Bàbá Ameenat ṣí fìlà wọn. "Kò ké, Mọ́mì. N ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti di ọdún méjì tí mo ti gbọ́ ohùn pọ́ǹpù kẹ́yìn. Ojú ọmọ yìí ni mo ń wò."

Inú bí mi, n ò ní purọ́ méjì lọ́jọ́ kan. Ohun tí mo fi gbogbo ara bò fún ọdún méjì, wọ́n dà á sílẹ̀ lójú oníbàárà. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà!" Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"O ṣeun, ọmọ mi. Àmọ́ ìyá wọn ni wọ́n fẹ́ gbé. Orí tí ò ń mì fún mi ò lè dé inú igbó yẹn."

Ìtìjú mú mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ki wáyà bọ̀ ọ́, ó wọlé rẹ́gí. Bàbá Ameenat padà síwájú, ṣùgbọ́n wọn ò wò mí mọ́.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ."

Mọ́mì yọ awò ojú. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú jíìpù pẹ̀lú aṣọ àtàtà lọ́rùn wọn, wọ́n gbé etí sún mọ́ táǹkì. Bàbá Ameenat yí kọ́kọ́rọ́.

"Ó ké. Ó ti dákẹ́."

"Ó yẹ kó dákẹ́. Nígbà tó ń ké, ṣé ohùn kan náà ni, àbí ó ń já?"

"Ẹ tún un ṣe." Ó tún ké. "Ohùn kan náà ni. Kò já rárá."

"Ṣé ó nípọn, àbí ó tínrín?"

"Ó tínrín díẹ̀. Ó ń lọ geerege."

Bàbá Ameenat di ojú. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin, Mọ́mì ń gbọ́, wọ́n ń ròyìn. Nígbà tí wọ́n tan ọkọ̀, ó jí lójú ẹsẹ̀. Bàbá Ameenat ní, "Ó ti dáa." Omi dà lójú wọn, wọn ò nù ún.

Mọ́mì sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbọn eruku orúnkún. Wọ́n sún mọ́ Bàbá Ameenat, wọ́n sì gbé ohùn sókè kí Bàbá lè gbọ́. "Mà á rọ epo kún táǹkì lọ́la. Mà á máa tẹ́tí sí i títí a ó fi dé Ìkọ̀lé. Tí mo bá dé lọ́jọ́ Túsìdeè, mà á wá jókòó tì yín, mà á sọ gbogbo ohun tí mo bá gbọ́."